Ìkànnì mẹ́ta, iye òjò mẹ́ta: èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ dátà òjò àti ooru ọgbọ̀n ọdún fún agbègbè kan tóun fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, ó ní òun ti wo ìkànnì mẹ́ta, òun sì rí i pé iye òjò tí wọ́n kọ fún oṣù kan náà nínú ọdún kan náà ò bára mu rárá, ọ̀kan tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èkejì. Èwo ni kóun gbà gbọ́? Ṣé òun sì lè tibẹ̀ mọ bí ogún sí ọgbọ̀n ọdún tó ń bọ̀ ṣe máa rí?

Ẹ ṣeun gan-an. Inú mi dùn pé ẹ wo ìkànnì mẹ́ta, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí náà ni wọ́n máa daunlóòdù, wọ́n á fi ya gíráàfù, wọ́n á fi kọ ìwé, ó parí. Ohun tí mo máa sọ ni pé kò sí èyí tó ń purọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí wọ́n wọ̀n ni ò jọra. Kẹ́ẹ tó gba iye kan gbọ́, ẹ wádìí ẹni tó wọ̀n ọ́, ohun tó fi wọ̀n ọ́, àti bí ibi tó wọ̀n ṣe fẹ̀ tó. Tẹ́ẹ bá ti mọ ìyẹn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yé yín, kódà á dé ibi tẹ́ẹ máa mọ̀ ṣáájú pé ti ibí yìí á pọ̀ ju tọ̀hún lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú géèjì òjò. Nǹkan kékeré kan ni, ẹnu ẹ̀ kì í sábà fẹ̀ ju nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, òjò ń rọ̀ sínú ẹ̀, ẹnì kan á lọ ka iye tó wà níbẹ̀ láràárọ̀ á kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kí ẹ̀rọ kà á fúnra ẹ̀. Omi gidi tó bọ́ látòkè lèyí, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gbé e ṣíwájú gbogbo ìyókù. Àmọ́ ibi tó wà yẹn nìkan ló mọ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017 ṣírò ẹ̀ pé tí wọ́n bá kó ẹnu gbogbo géèjì òjò tí dátà wọn wà nílẹ̀ káàkiri ayé jọ sójú kan, ilẹ̀ tí wọ́n máa bò ò ní tó ìdajì pápá bọ́ọ̀lù. Gbogbo ayé o! Òjò alágbára lè rọ̀ ní kìlómítà márùn-ún péré síbi tí géèjì wà kó má sì kán sínú ẹ̀ rárá, ibùdó, ìyẹn ibi tí wọ́n gbé géèjì sí, á kọ òdo, òdo yẹn sì tọ̀nà, ó kàn jẹ́ pé ti ibùdó nìkan ni, kì í ṣe ti agbègbè.

Ìkejì ni sátẹ́láìtì. Òun ò rí omi tó ń bọ́ sílẹ̀ o, orí ìkùukùu ló ń wò, bó ṣe tutù tó àti bó ṣe pẹ́ tó lójú kan, àwọn míì sì ń fi máíkróweéfù wo omi àti yìnyín tó wà nínú ìkùukùu yẹn, wọ́n á wá ṣírò ẹ̀ di mìlímítà fún àpótí àpótí tí wọ́n pín ayé sí. CHIRPS, tí Climate Hazards Center ní Yunifásítì California tó wà ní Santa Barbara ń ṣe, pa ti sátẹ́láìtì àti ti géèjì pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti 1981, àpótí ẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún, vẹ́ṣọ̀n kejì ẹ̀ sì bo ilẹ̀ láti dìgírì 50 lápá gúúsù dé dìgírì 50 lápá àríwá. IMERG ti NASA, iléeṣẹ́ ìwádìí òfuurufú Amẹ́ríkà, ń ṣe tiẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àpótí ẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mọ́kànlá. Ibi olókè ni wọ́n ti máa ń kọsẹ̀ jù, torí òjò tó ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè lè wá látinú ìkùukùu tí orí ẹ̀ ò ga tí kò sì tutù, sátẹ́láìtì tó ń wá ìkùukùu tútù á wò ó, á ní kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ìkẹta ni wọ́n ń pè ní reanalysis, ERA5 ló sì gbajúmọ̀ jù nínú wọn, ECMWF, iléeṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù, ló ń ṣe é fún Copernicus, ètò tí Yúróòpù fi ń ṣọ́ ilẹ̀ ayé. Irú mọ́dẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n fi ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ni wọ́n dá padà sẹ́yìn, wọ́n kó ohun tí ibùdó, bàlúù, ọkọ̀ ojú omi àti sátẹ́láìtì ti rí láti ọdún yìí wá sínú ẹ̀, òun wá ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan níbi gbogbo láyé láti 1940 títí dé nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Àpótí ẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà 31. Mo fẹ́ràn ERA5 gan-an fún ooru, fún afẹ́fẹ́, fún ọ̀rinrin. Ṣùgbọ́n òjò inú ẹ̀, níbi tó pọ̀ jù láyé, mọ́dẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ ló rọ̀ ọ́, kì í ṣe pé wọ́n ka géèjì kankan. Bẹ́ẹ sì ṣe máa mọ̀ nìyí: ẹ ka iye ọjọ́ tí òjò rọ̀ lóṣù kan, ẹ máa rí i pé ti ERA5 pọ̀ ju ti ibùdó lọ dáadáa, òjò wínníwínní lójoojúmọ́, ká wá òjò ńlá náà ká má rí i bó ṣe yẹ, torí wọ́n ti pín in káàkiri inú àpótí kìlómítà 31. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí àkókò òjò bẹ̀rẹ̀ tó wá ń lo òjò yẹn bẹ́ẹ̀ láìtún un ṣe, ọjọ́ náà á tètè dé jù lórí ìwé ẹ̀. Ó kéré tán, kẹ́ẹ má ka ọjọ́ tí òjò ẹ̀ ò tó mìlímítà kan mọ́ ọjọ́ òjò.

Nítorí náà, ìbéèrè yín gan-an á yí padà díẹ̀, ó á di kí lẹ fẹ́ fi dátà náà ṣe. Ẹni tó fẹ́ mọ bí odò ṣe máa kún lẹ́yìn òjò wákàtí mẹ́ta nílò nǹkan tó yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ọdọọdún ń dín kù. Tó bá jẹ́ òjò oṣooṣù tàbí ti ọdọọdún fún agbègbè tó fẹ̀ lẹ ń wá, CHIRPS á ṣe é dáadáa, àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òjò ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ẹ̀, torí òjò ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣírò kí wọ́n tó pín in sí ojoojúmọ́. Tó bá jẹ́ ìjì àti àgbàrá, IMERG ni kẹ́ẹ wò, kẹ́ẹ sì mú èyí tí wọ́n pè ní Final, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń pẹ́ tó oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ kó tó jáde, torí wọ́n ti fi géèjì tún un ṣe. Tó bá jẹ́ ooru, ERA5 tàbí ERA5-Land, tí àpótí tiẹ̀ jẹ́ kìlómítà mẹ́sàn-án tó sì bẹ̀rẹ̀ láti 1950.

Ibi tí mo máa ń ní kéèyàn kọ́kọ́ lọ ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́ lórílẹ̀-èdè tí agbègbè náà wà. Àwọn ló ni ibùdó, àwọn ló mọ̀ pé ibùdó kan ṣí kúrò níbì kan lọ síbòmíì lọ́dún báyìí, ìmọ̀ yẹn ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan ń gbowó, àwọn kan á ní kẹ́ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ kọ ọ́. Bẹ́ẹ ṣe ń dúró de èsì, ẹ lọ wo GHCN-Daily ti NOAA ní Amẹ́ríkà, dátà ojoojúmọ́ láti ibùdó tó lé ní 100,000 ló wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa rí i pé àwọn apá ibì kan láyé kún fọ́fọ́ tí àwọn ibòmíì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ẹni tí ò mọ kóòdù kọ rárá lè lọ sórí NASA POWER, á tẹ ibi tó fẹ́ lórí máàpù, á gba fáìlì CSV tó máa ṣí ní Excel, láti 1981 wá. Ó rọrùn gan-an, àmọ́ ẹ rántí pé àpótí tiẹ̀ fún ooru àti òjò fẹ̀ ju ti ERA5 lọ, ó tó ìdajì dìgírì, bíi kìlómítà 55. Ẹ lè tẹ àmì sórí ilé kan ṣoṣo lórí máàpù, ìdáhùn tó máa wá kì í ṣe ti ilé yẹn.

CRU TS ti Yunifásítì East Anglia wà fún ẹni tó fẹ́ lọ sẹ́yìn dé 1901, oṣooṣù ni. Nǹkan kan wà lára ẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ẹ mọ̀: níbi tí kò bá ti sí ibùdó kankan nítòsí lọ́dún kan, àfẹ́réèjì ọdún 1961 sí 1990 ni wọ́n máa fi dí àyè náà. Tẹ́ẹ bá wá rí i pé òjò oṣù kan dúró sójú kan náà gbọnin fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe pé ojú ọjọ́ ibẹ̀ ò yí padà, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́ ni.

Ó ku fáìlì fúnra ẹ̀ o, ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ẹ fara balẹ̀, torí ibí ni ìlọ́po méjì, ìlọ́po ọgbọ̀n, gbogbo ẹ̀ ti ń wá. Ẹ ṣí fáìlì GHCN-Daily, ẹ máa rí ìlà kan tó ní 20190614 (ọjọ́ náà), PRCP (òjò), 254. Kì í ṣe mìlímítà 254. Ìdá mẹ́wàá mìlímítà ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ẹ fi 10 pín in, ó di 25.4. Ooru náà bẹ́ẹ̀, 312 jẹ́ dìgírì 31.2. Ẹ wá lọ ṣí ti ERA5, ooru wà ní Kelvin, 300.15 lẹ máa rí, ẹ yọ 273.15 kúrò, ó ku 27. Òjò wà ní mítà, 0.0042 jẹ́ mìlímítà 4.2. Tẹ́ẹ bá wá mú fáìlì oṣooṣù ti ERA5, 0.0042 tẹ́ẹ rí níbẹ̀ kì í ṣe òjò gbogbo oṣù náà, ti ọjọ́ kan ni, àfẹ́réèjì ojoojúmọ́, ẹ gbọ́dọ̀ fi iye ọjọ́ inú oṣù náà sọ ọ́ di púpọ̀, kó di 126 mìlímítà fún oṣù ọlọ́jọ́ 30. Ẹni tí ò mọ̀ á sọ pé òjò oṣù náà jẹ́ mìlímítà mẹ́rin, á sì pariwo pé ọ̀dá dé.

ERA5-Land tún le ju ìyẹn lọ. Nínú ti oníwákàtí-wákàtí, òjò inú ẹ̀ ń ga sókè láti aago méjìlá òru UTC (aago kan náà tí gbogbo ayé jọ ń lò) ni, ìyẹn ni pé iye tó wà ní aago mẹ́fà ti ní gbogbo òjò wákàtí mẹ́fà nínú. Tẹ́ẹ bá ro iye mẹ́rìnlélógún pọ̀, ẹ ti ka òjò kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. Iye tó wà ní aago 00 ti ọjọ́ kejì nìkan ni òjò ọjọ́ àná, òun nìkan lẹ nílò. ERA5 tààrà ò rí bẹ́ẹ̀ o, tiẹ̀ jẹ́ ti wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ lè rò ó pọ̀. Ẹ wo bí méjèèjì ṣe jọ orúkọ tí wọn ò jọ ìwà!

Àkókò náà ṣe pàtàkì. UTC ni ERA5 àti IMERG ń lò, ibùdó sì sábà ń ka géèjì láàárọ̀, nítorí náà òjò tí wọ́n kọ sábẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeè lè jẹ́ pé ọ̀sán Túsìdeè ló rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ èèyàn pé kó má fi ọjọ́ kan wé ọjọ́ kan láàárín ibùdó àti sátẹ́láìtì kó wá máa bínú pé wọn ò bára mu, ẹ fi ọjọ́ mẹ́wàá wé ọjọ́ mẹ́wàá, tàbí oṣù wé oṣù.

Òfo kì í ṣe òdo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ọjọ́ tí wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ yàtọ̀ sí ọjọ́ tí òjò ò rọ̀. GHCN-Daily máa ń kọ -9999 síbi tó ṣófo, NASA POWER ń kọ -999, tẹ́ẹ bá gbàgbé tẹ́ẹ ro wọ́n pọ̀ mọ́ ìyókù, iye tó máa jáde á burú débi pé ẹ máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí Excel tàbí ẹnì kan ti sọ òfo di òdo ṣáájú yín, ẹ ò ní mọ̀ rárá, ọdún tí òṣìṣẹ́ ò sí nídìí géèjì á wá dà bí ọdún ọ̀dá. Ìlànà WMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ojú ọjọ́, ni pé tí dátà ọjọ́ mọ́kànlá bá sọnù nínú oṣù kan, tàbí ọjọ́ márùn-ún léraléra, kéèyàn má ṣírò àfẹ́réèjì oṣù náà. Ti òjò tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọ́dọ̀ sí ọjọ́ kankan tó sọnù, torí ọjọ́ kan tó sọnù yẹn lè jẹ́ ọjọ́ tí ìdajì òjò oṣù náà rọ̀.

Tẹ́ẹ bá sì rí òjò kan tó pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ẹ má yára pa á rẹ́, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ wo àwọn ibùdó tó yí i ká lọ́jọ́ náà, ẹ wo ohun tí sátẹ́láìtì rí. Bí gbogbo wọn bá gbẹ tí tiyín nìkan kọ mìlímítà 310, a jẹ́ pé ẹnì kan ló gbàgbé àmì ìdásẹ́wẹ́wẹ́, 31.0 ló fẹ́ kọ. Àmọ́ bí ìjì bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, òjò yẹn gan-an ni iṣẹ́ yín ń wá.

Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń mọ̀ pé ibùdó ti ṣí kúrò lójú kan. Ẹ máa fi òjò ọdún kọ̀ọ̀kan ní ibùdó náà kún àròpọ̀ àwọn ọdún tó ṣáájú ẹ̀, ẹ ro àfẹ́réèjì àwọn aládùúgbò ẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀ náà, ẹ fi ìkan dojú kọ ìkejì nínú gíráàfù. Ó yẹ kí ìlà náà máa lọ tààrà, ibi tó bá ti ṣẹ́, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn: wọ́n pààrọ̀ géèjì, igi hù bò ó, wọ́n kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Dátà sátẹ́láìtì àti ERA5 ní irú ìṣòro yìí tiwọn, torí ohun èlò tí wọ́n ń lò ń yí padà bí ọdún ṣe ń lọ. Òjò ERA5 ṣáájú 1979, nígbà tí sátẹ́láìtì ò tíì pọ̀, mi ò ní fi wá bóyá òjò ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù.

Tó bá kan ooru, ẹ béèrè bí ilẹ̀ ṣe ga tó. Àpótí ERA5 ní gíga kan ṣoṣo, àfẹ́réèjì gbogbo òkè àti àfonífojì tó wà nínú ẹ̀. Ooru máa ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi dìgírì 6.5 fún mítà 1000 kọ̀ọ̀kan téèyàn bá gùn, nítorí náà tí ibùdó yín bá fi mítà 400 ga ju àpótí lọ, ìyàtọ̀ dìgírì méjì àtààbọ̀ ò gbọ́dọ̀ yà yín lẹ́nu.

Nígbà tẹ́ẹ bá wá fẹ́ kó gbogbo agbègbè pọ̀ di iye kan, ẹ gba shapefile agbègbè náà, ìyẹn fáìlì tó ya ààlà ẹ̀ sórí máàpù, ẹ kó àwọn àpótí tó bọ́ sínú ẹ̀, QGIS (ètò máàpù ọ̀fẹ́) tàbí Python (èdè kóòdù) á ṣe é, Google Earth Engine náà á ṣe é láìsí pé ẹ daunlóòdù fáìlì ńlá. Àmọ́ tí òkè bá wà lápá kan agbègbè náà tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ sì wà lápá kejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pín in sí méjì. Àfẹ́réèjì méjèèjì pọ̀ á jẹ́ ojú ọjọ́ ibi tí kò sí níbì kankan.

Ní ti mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ yín, ohun tí mo máa ṣe ni kí n wá ibùdó méjì mẹ́ta tó dáa nínú agbègbè náà, kódà bó jẹ́ ọdún mẹ́wàá péré ni dátà wọn, kí n wá mú ìkànnì kọ̀ọ̀kan níbi àpótí tí ibùdó wà, kí n wo oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ṣe é lóṣooṣù o, torí ìkan lè dáa nígbà òjò kó bàjẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àfẹ́réèjì ọdún á sì bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tí àṣìṣe ẹ̀ bá kéré tí kò sì máa yí padà láti ọdún dé ọdún ni kẹ́ẹ mú, àṣìṣe tó dúró sójú kan ṣeé tún ṣe. Méjì yòókù, ẹ má jù wọ́n nù, bí ohun tẹ́ẹ rí bá fara hàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ yín le. Ẹ sì kọ orúkọ dátà, vẹ́ṣọ̀n ẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ẹ gbà á sílẹ̀ sínú fáìlì kan, torí wọ́n máa ń tún àwọn dátà yìí ṣe, iye tẹ́ẹ rí lónìí lè yàtọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Fún ọgbọ̀n ọdún yẹn, ẹ mú 1991 sí 2020, òun ni WMO ń lò báyìí gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n, á jẹ́ kẹ́ẹ lè fi ti yín wé ti ẹlòmíì.

Ọjọ́ iwájú wá ńkọ́? Ẹ má fa ìlà ọgbọ̀n ọdún yẹn gùn lọ síwájú kẹ́ẹ wá pè é ní ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àwọn mọ́dẹ́ẹ̀lì CMIP6, tí àwọn iléeṣẹ́ ìwádìí káàkiri ayé fi ń ṣírò ojú ọjọ́ ọjọ́ iwájú, ló wà fún ìyẹn, ẹni tí ò fẹ́ kóòdù lè bẹ̀rẹ̀ látorí Interactive Atlas, máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, gbé jáde lọ́dún 2021, ó pín ayé sí agbègbè, ẹ kàn máa tẹ tiyín ni. Ẹni tó fẹ́ ti ojoojúmọ́ lè lo NEX-GDDP-CMIP6 ti NASA, ó lọ láti 1950 dé 2100. Ẹ má mú mọ́dẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Ẹ mú bíi mẹ́wàá, ẹ yọ àtẹ̀yìnwá mọ́dẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ọjọ́ iwájú tòun fúnra ẹ̀, ìyàtọ̀ tó bá jáde lẹ máa wá fi kún dátà ibùdó yín. Ní ti ooru, gbogbo wọn á sọ pé ó ń lọ sókè, iye tó máa fi lọ sókè nìkan ni wọ́n máa yàtọ̀ sí. Ní ti òjò, ó ṣeé ṣe kí mẹ́fà sọ pé á pọ̀ sí i kí mẹ́rin sọ pé á dín kù, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ mẹ́fà àti mẹ́rin yẹn sínú iṣẹ́ yín bó ṣe rí, kẹ́ẹ sì ṣètò fún méjèèjì.